Okùn Mẹ́jọ fún Ìyá Ará Skọ́tlándì

Ìbéèrè kan wà tí mo kórìíra ju gbogbo ìbéèrè lọ, n kò sì ní yé kórìíra rẹ̀ títí wọn ó fi sin èmi náà. "Níbo gan-an ni o ti wá?" "Gan-an" yẹn ló máa ń bí mi nínú. Bí ẹnì kan bá kàn bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo lè dá a lóhùn, ká sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi "gan-an" sí i, ohun tó ń sọ ni pé irọ́ ni èyí tí mo kọ́kọ́ sọ fún un.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ìyá arúgbó kan tó kórìíra ìbéèrè náà bíi tèmi. Òyìnbó ni. Ilé alájà mẹ́fà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Grand Concourse, ní Bronx ní ìlú New York, ló ń gbé, ní àjà kẹrin, láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ kó débẹ̀ ti kó lọ tán, àwọn ará Gánà, àwọn ará Dominican àti àwa ọmọ Nàìjíríà la wá gba àyè wọn. Òun kò kó lọ síbì kankan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkùnrin, sì bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Long Island. Ó ní ta ni òun ó máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣé koríko?

Mount Hope, àdúgbò tó wà nítòsí ibẹ̀, ni èmi ń gbé. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, màá ra búrẹ́dì fún un lójú ọ̀nà, màá sì gun àtẹ̀gùn tí lífìtì bá ti bàjẹ́. Lífìtì náà kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Màmá ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun kọ́ ni ìyá mi. Mo ní àwa kì í pe ẹni tó tó bíni lórúkọ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Má ṣáà ti pè mí ní dálíńgì bíi ti èyí tó wá ṣáájú rẹ."

Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Ọjọ́ kan wà nínú oṣù kẹta tí New York máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé nítorí àwọn ará Írẹ́lándì. Ọmọ màmá ti fi àsíá Írẹ́lándì kọ́ sí pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó tún gbé àwòrán ilẹ̀ náà sí òkè tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà lọ ra kéèkì aláwọ̀ ewé, mo gbé e wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, mo ní, "Màmá, ẹ kú ọdún o!" Ó wo kéèkì, ó wò mí. Ó ní kí n lọ dà á nù.

"Ta ló sọ fún ọ pé ará Írẹ́lándì ni mí?"

"Ọmọ yín ni, Ma. Ẹ wo ara ògiri."

"Ọmọ mi!" Bó ṣe pe ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó rò pé ọmọ aládùúgbò kan tó fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé rẹ̀ ló ń sọ. "Ará Skọ́tlándì ni mí. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́ ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́."

Kéèkì náà kò kúkú dé inú ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kejì ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn da oúnjẹ nù, a jọ fi tíì jẹ ẹ́ tán, ó sì ń bínú bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ló sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ àgbà ló wá láti Írẹ́lándì, láti apá àríwá ní Donegal. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Skọ́tlándì láti wá hú pòtétò lóko olóko. Inú ilé màlúù ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí ìkórè parí, àwọn kan padà sílé, òun kò padà. Ó wọ iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ní ìlú kékeré kan nítòsí Glasgow, ó níyàwó síbẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ ní ìlú náà dé ibi pé ohùn àwọn tó ń gbé ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìlú tó kàn án. Màmá ní tí òun bá la ẹnu nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn á ti mọ òpópónà tí wọ́n bí òun sí.

"Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ọbẹ̀ tí à ń sè, ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ, bọ́ọ̀lù tí à ń tìtorí ẹ̀ jà, àwọn bàbá wa ló kó gbogbo rẹ̀ wá. Ó ti di ti ìlú. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n yọ wá kúrò nínú ìlú náà, kí ló máa kù? Ilé ìyọ́rin? Wọ́n ti tì í pa."

Síbẹ̀, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó lọ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi í, pé ilé ìwé wo ló lọ. Orúkọ ilé ìwé náà ló tú u fó. Ilé ìwé àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní ará Írẹ́lándì. Wọ́n ní iṣẹ́ ti tán. Bó ṣe ń jáde, ẹnì kan sọ ọ́ sí i létí pé kó máa lọ sílé. "Ilé wo?" ni màmá bi mí, àfi bíi pé èmi ni mo lé e. "Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ọ́fíìsì yẹn àti ilé mi." Bẹ́ẹ̀ nígbà tó sì lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ àgbà ní Írẹ́lándì, ọmọ Skọ́tlándì ni àwọn yẹn ń pè é, wọ́n ń sín in jẹ tó bá sọ̀rọ̀.

Ó wá dé New York, ó fẹ́ ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Írẹ́lándì. Níbí, nǹkan iyì ni kéèyàn jẹ́ ará Írẹ́lándì. Ilé ọtí ń fi àsíá rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, àwọn olóṣèlú ń tò lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì. Gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ó ti di tàwọn. Màmá ní, "Ní ìlú mi, wọ́n fi Írẹ́lándì bú mi. Níbí, wọ́n fi ń yìn mí. N kò gba èébú yẹn, n kò sì gba ìyìn."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí n má purọ́, ṣáájú ìgbà yẹn iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Mo sọ tèmi fún un. Tàmálè ni wọ́n bí mi sí, ní Gánà. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, aṣọ àti abọ́ tánganran ló ń tà níbẹ̀. Ará Èkó ni wọ́n ń pè wá ní Tàmálè, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kò fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó rí. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́fà, ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Ìyá mi fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ọ̀fà, níbi tí mi ò dé rí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ Gánà ni wọ́n ń pè mí títí mo fi lọ́kọ. Mo wá dé Bronx. Àwọn ará Gánà tó wà níbí ní ọmọ Nàìjíríà ni mí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Yorùbá mi dà bíi ti Gánà.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ìyẹn ni pé wọ́n lé ọ kúrò nílé, wọ́n ní kí o máa lọ sílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

"Lọ gbé tíì mìíràn wá."

Ọdún mẹ́rin kọjá báyẹn. Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn tó kẹ́yìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó ní kí n ra káàdì funfun mẹ́jọ àti àpòòwé mẹ́jọ wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sí tábìlì ìdáná, ó ń kọ̀wé. Ó ní kí n pe lẹ́tà Tàmálè àti ti Ọ̀fà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó fẹ́ wò wọ́n lórí àwòrán ayé ni. Nígbà tó parí, ó fi ọ̀kan hàn mí. Ó ya pósí sí i, ó sì kọ nọ́ńbà mẹ́jọ yí i ká.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń sìnkú ní Skọ́tlándì nìyẹn. Okùn mẹ́jọ ni wọ́n ń so mọ́ pósí, èèyàn mẹ́jọ á di okùn náà mú, wọn á fi ọwọ́ ara wọn sọ òkú kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Wọ́n á ti fi káàdì ránṣẹ́ sí olúkúlùkù ṣáájú, kó lè mọ ibi tó máa dúró sí. Nọ́ńbà kìíní, níbi orí, ti àkọ́bí ni. Nọ́ńbà kejì wà níbi ẹsẹ̀.

"Àwọn ará Írẹ́lándì kì í ṣe é," ni màmá wí. "Bàbá mi àgbà tí wọ́n ń bú ní ará Írẹ́lándì títí tó fi kú, okùn ni wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀, bíi ti gbogbo ará Skọ́tlándì. Nígbà yẹn obìnrin kì í dé ibojì. Ilé ni ìyá mi jókòó sí tó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Ní tèmi, obìnrin mẹ́rin ló máa di okùn mú. Lọ ju àwọn lẹ́tà yìí sí àpótí ìfìwéránṣẹ́."

Ara mi bù máṣọ. Ẹni tó wà láàyè, tó ń mu tíì, ló ń pín iṣẹ́ ìsìnkú ara rẹ̀! Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Màmá. Ẹ̀mí yín á gùn." Ó ní òun kò bi mí ní ti ẹ̀mí gígùn. Mo gba àwọn àpòòwé náà. Méje ní àdírẹ́sì, ọ̀kan kò ní. Mo rò pé ti Fáda ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni. Mo dé iwájú àpótí ìfìwéránṣẹ́, ọwọ́ mi kò gbé e. Nínú ọkàn mi, tí mo bá fi lè jù wọ́n sínú àpótí yẹn, mo ti fi ọwọ́ ara mi ránṣẹ́ pe ikú fún un. Mo kó wọn lọ sílé mi, mo fi wọ́n sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Mo padà, mo sọ fún un pé mo ti fi wọ́n ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Màmá béèrè bóyá ọmọ òun pè. Mo ní kò tíì pè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà pè, ó bi í léèrè nípa oògùn rẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlégbóná, kò sọ nǹkan kan nípa káàdì. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo àsíá tó wà lára ògiri. "Kò fẹ́ ni," ló wí. Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì báyẹn rí. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo dúró ti sítóòfù, mo ń ro ọbẹ̀ tí kò fẹ́ ríro. Ojú ń tì mí títí di òní.

Ó kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, láàárọ̀, lórí àga rẹ̀. Ẹ̀mí tí mo ní yóò gùn kò gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni àwọn lẹ́tà náà fi wà lábẹ́ aṣọ mi.

Lọ́jọ́ kan náà, ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ pè mí. Wọ́n kí mi kú àjálù, wọ́n ní arúgbó mìíràn ti wà nílẹ̀ fún mi láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí n má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí olóògbé, nítorí òfin ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kó àwọn àpòòwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú báàgì, mo gba ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí lọ.

Mo bá ọmọ màmá níbẹ̀, òun àti ẹni tó ń bójú tó ìsìnkú. Àsíá Írẹ́lándì ti wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sórí pósí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni, pé ìyá rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn mẹ́jọ náà fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ará Írẹ́lándì ni ìyá òun, pé ìdílé àwọn kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń sọ pósí kalẹ̀ ní itẹ́ òkú yẹn, tí ẹbí bá ti lọ tán.

"Màmá sọ ọ́ fún yín lọ́pọ̀ ìgbà pé ará Skọ́tlándì ni àwọn," ni mo wí.

"Kí ni tìrẹ níbẹ̀? Òṣìṣẹ́ ni ọ́."

"Òṣìṣẹ́ ni mí. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, èmi náà ni wọ́n sì sọ ọ́ fún."

Ó ní òun ó pe ọ́fíìsì mi, òun ó fẹjọ́ mi sùn. Mo yọ fóònù mi, mo wá nọ́ńbà wọn jáde, mo gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ pè wọ́n. Tí ẹ bá parí, ẹ ka lẹ́tà yín." Mo fàáké kọ́rí, n kò kúrò lójú kan.

Ó já àpòòwé tirẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Nọ́ńbà kìíní ni, lábẹ́ rẹ̀ ni màmá kọ ọ́ sí pé, "Ibi orí ni tìrẹ. Di okùn mi mú dáadáa." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n rò pé mo rí i gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n wá rò pé mo rí i gbà, mi ò sì dá wọn lóhùn?"

Ó wù mí kí n purọ́ kejì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú." Ó jókòó. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó gbé fóònù tirẹ̀, ó pe itẹ́ òkú. Wọ́n jà díẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí i pé ẹ̀rọ ni yóò gbé ìwúwo pósí, ẹbí lè di okùn mú bó bá wù wọ́n. Ẹni tó ń bójú tó ìsìnkú ní òun kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ̀ obìnrin ará Gánà kan tó ń ta aṣọ fèrèsé lórí Grand Concourse ni mo lọ, mo ra okùn dúdú, ó sì gé e sí mẹ́jọ fún mi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn, lábẹ́ igi. Mùsùlùmí ni mí, nílé wa obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú dé ibojì. Nígbà tí bàbá mi kú ní Ọ̀fà, inú yàrá ni mo wà láàárín àwọn obìnrin, ohùn àwọn ọkùnrin tó ń gbé e jáde nìkan ni mo gbọ́. Mo ní màá wò ó láti òkèèrè, ó ti tó. Àsíá náà kò sí lórí pósí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn, ọmọ náà ti kọ ọ́ pé ọmọ Írẹ́lándì tòótọ́ ni ìyá òun. N kò lè rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Ẹni tó ń bójú tó ìsìnkú ń já àpòòwé, ó ń pe nọ́ńbà. Ọmọ màmá bọ́ síbi orí. Ó wá já èyí tí kò ní àdírẹ́sì. Ó wò ó, ó yí i padà. "Nọ́ńbà kejì," ló wí. "Tàmálè. Ọ̀fà. Bronx." Ó pè wọ́n bíi pé orúkọ èèyàn kan ni. Àwọn ẹbí ń wo ojú ara wọn. Ọmọ màmá nìkan ló yíjú sí abẹ́ igi.

Mo mọ ohun tí àwọn ará ilé mi máa sọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Mo rìn dé ibẹ̀, mo gba káàdì náà sínú báàgì mi, mo dúró síbi ẹsẹ̀ màmá, mo mú okùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló gbé ìwúwo náà, ṣùgbọ́n okùn le dandan lọ́wọ́ mi, mo sì sọkún láìbo ojú. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. A jọ dì í mú títí pósí fi kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà la jọ ju okùn sílẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n kó wa lọ jẹun. Mo fẹ́ máa lọ sílé, ọmọ màmá ní rárá, kí n wá jókòó. Obìnrin kan nínú ẹbí bàbá rẹ̀ sún mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Bronx.

"Rárá, níbo gan-an?"

Mo ṣí báàgì mi, mo yọ káàdì náà, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní kó kà á sókè. Ó kà á. Kò pe Ọ̀fà dáadáa, mo ní kó tún un kà.